Ilẹ̀kùn Méje: Ìtàn Bí Ìmọ̀ Ìṣirò Ṣe Wọ Ọ̀rọ̀ Àrùn Jẹjẹrẹ

Mo mọ̀ pé yóò ya púpọ̀ nínú yín lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ ìṣirò àti ti àìsàn wá sínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa. Oríkì, àlọ́ àti ìtàn ìlú ni a sábà máa ń rí kà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ méjì ni mo ń kọ́ pọ̀, Yorùbá àti ìṣirò, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé wa ni ó mú mi wá ibi tí ọ̀nà àwọn méjèèjì ti pàdé.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí ó ń gbé ní Kúbwà níhìn-ín ní Àbújá, kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Jẹjẹrẹ ọmú ni ó pa á. Ìyá tí ó bí òun àti bàbá mi, àìsàn kan náà ni ó mú un lọ kí a tó bí mi. Kí a tó sin òkú tán ni àwọn ẹbí ti ń wo ojú arúgbó kan nínú agboolé wa, ìyẹn orogún ìyá wọn. Wọ́n ní báwo ni àìsàn kan yóò ṣe pa ìyá kí ó tún pa ọmọ bí kò bá sí ọwọ́ ayé nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, púpọ̀ nínú wọn kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ ìyá arúgbó náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kí ọmọdé sun yàrá rẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn ẹbí mi ń béèrè kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Kí ló dé tí ó fi mú lágbájá tí ó fi làkáṣègbè sílẹ̀? Àwọn oníṣirò náà ti ń béèrè rẹ̀ láti ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún. Ìtàn ìdáhùn wọn ni mo fẹ́ sọ.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí á rántí ohun tí ara jẹ́. Ara àgbàlagbà kan ní sẹ́ẹ̀lì tí ó tó nǹkan bí tírílíọ̀nù 30. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí a máa pín sí méjì-méjì láti rọ́pò èyí tí ó ti gbó, wọ́n sì ní òfin tí ń sọ ìgbà tí wọn yóò pín àti ìgbà tí wọn yóò dúró. Jẹjẹrẹ ni sẹ́ẹ̀lì tí ó kọ òfin náà sílẹ̀, tí ó ń pín ṣáá láìgbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa kò ní awò tí a fi ń wo ohun kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ńṣe ni ó ń jẹ ara lọ díẹ̀díẹ̀, bí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ti fi hàn. “Díẹ̀díẹ̀” yìí gan-an ni ìṣirò dì mú.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ènìyàn mélòó kan ní ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwé àkọsílẹ̀ ikú. J. C. Fisher àti J. H. Hollomon kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1951, Carl Nordling tẹ̀lé wọn ní 1953. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ ni ti Peter Armitage àti Richard Doll ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1954. Doll yìí kan náà ni òun àti Austin Bradford Hill ti fi hàn ní 1950 pé sìgá mímu bá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tan. Armitage ní tirẹ̀ jẹ́ oníṣirò pátápátá. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ pa ní England àti Wales ní 1950 àti 1951 jọ, oríṣi jẹjẹrẹ 17, wọ́n sì to ikú wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àwọn tí ó kú.

Ohun tí wọ́n rí jọni lójú. Jẹjẹrẹ kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i. Ńṣe ni ó ń fò sókè. Fún púpọ̀ nínú oríṣi tí wọ́n yẹ̀ wò, bí a bá mú ọjọ́ orí tí a sì fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí ó fi di ọ̀nà mẹ́fà, iye tí a bá rí yóò máa bá iye ikú rìn pọ̀ bí ìbejì. Ẹ jẹ́ kí á ṣe é wò. Ẹni ọgọ́ta ọdún fi ìlọ́po 2 ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ ní ọjọ́ orí. Bí a bá to 2 lọ́nà mẹ́fà, tí a sì sọ wọ́n di púpọ̀, 64 ni a ó rí. Nítorí náà, ewu jẹjẹrẹ lórí ẹni ọgọ́ta ọdún tó ìlọ́po 64 ti ẹni ọgbọ̀n ọdún. Bí a bá fi ẹni ọdún 25 wé ẹni ọdún 75, ìlọ́po 3 ni ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ewu náà di ìlọ́po 729. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí fúnra mi, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta nítorí mo rò pé mo ti ṣì í.

Kí ni ìtumọ̀ mẹ́fà yìí? Ibí ni mo ti rántí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Èso mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé. Bí a bá gbà pé ṣíṣí àti dídé rí bákan náà ní ọ̀wọ́, èso kan yóò ṣí ní ẹ̀ẹ̀kan nínú 2. Kí èso méjì ṣí pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú 4 ni. Kí mẹ́ta ṣí pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú 8. Kí gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣí, tí í ṣe Èjì Ogbè, ẹ̀ẹ̀kan nínú 256 ni, iye odù Ifá sì nìyẹn. Àwọn baba wa mọ̀ pé bí ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ pọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i, ṣíṣeéṣe rẹ̀ a máa fi ìsọdipúpọ̀ kéré sí i. Kì í ṣe ìyọkúrò lásán.

Armitage àti Doll wí pé bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kan ṣe ń di jẹjẹrẹ. Ẹ fojú inú wo ààfin tí ó ní ilẹ̀kùn méje, tí olè kan fẹ́ wọ ìyẹ̀wù ọba. Ó gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn kìíní kí ó tó dé èkejì. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan nira púpọ̀, ó lè gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ewu pé a ti ṣí ilẹ̀kùn kan títí di òní ń pọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí iye ọdún tí a ti lò láyé. Ti méjì, ọdún yẹn lọ́nà méjì. Ti mẹ́fà, ọdún yẹn lọ́nà mẹ́fà. Nígbà tí mẹ́fà bá ti ṣí tán, ìkeje ni ó gbọ́dọ̀ ṣí lọ́dún yìí gan-an kí àrùn tó yọjú, kò sì sí ìdí tí èyí yóò fi fẹ́ ọdún púpọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà ni mẹ́fà inú ìṣirò fi ń tọ́ka sí ìpele méje nínú ara. Wọ́n kò rí sẹ́ẹ̀lì kankan lójú. Ìwé ikú ni wọ́n kà, wọ́n sì ti inú rẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Àwòṣe ìṣirò kì í ṣe ohun náà fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ère ìbejì kò ti jẹ́ ọmọ. Àwọn méjèèjì náà mọ̀ pé àwọn jẹjẹrẹ tí omi ìsúnniṣe ara obìnrin ń darí, bíi ti ọmú, kò tẹ̀lé ìlà náà déédéé. Iyèméjì mìíràn tún dìde láti ọwọ́ Richard Peto ní àwọn ọdún 1970. Ó ní bí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá ń gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn, ṣebí ẹranko tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀ jù ni jẹjẹrẹ yóò pa jù? Kí ló dé tí kò fi pa erin tán nínú igbó? Ní 2015 ni a tó mọ díẹ̀ nínú ìdáhùn: jíìnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì tí ó ti bàjẹ́, ẹ̀dà irú rẹ̀ tí erin ní tó 20, èyí tí ọmọ ènìyàn ní kò ju ẹyọ kan lọ. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń so mọ́ra ni ìmọ̀ yìí ṣe ń gùn sí i. Ní 1971, Alfred Knudson, dókítà kan ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, kó àkọsílẹ̀ àwọn ọmọdé 48 jọ tí jẹjẹrẹ mú ní inú ẹyinjú. Àwọn kan ní in ní ojú méjèèjì, àwọn kan ní ojú kan ṣoṣo. Ó ti hàn tẹ́lẹ̀ pé àwọn olójú-méjèèjì ni àìsàn náà tètè ń mú jù. Knudson kò dúró síbẹ̀. Ó kà á lóṣooṣù, mélòó nínú wọn ni àìsàn náà kò tíì hàn lára wọn? Láàárín àwọn olójú-méjèèjì, ìpín kan náà ni ó ń dínkù ní gbogbo ìgbà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń bu ìdajì omi inú ìkòkò lójoojúmọ́. Irú ìdínkù bẹ́ẹ̀ ni a ń rí nígbà tí ó bá ku ohun kan ṣoṣo tí yóò ṣẹlẹ̀. Láàárín àwọn olójú-kan, iye náà kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kí ó tó já wálẹ̀, èyí tí í ṣe àmì pé ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Knudson parí èrò sí pé ilẹ̀kùn méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ ti ẹyinjú. Ọmọ olójú-méjèèjì ti bá ìkíní ní ṣíṣí láti inú oyún. Ọmọ olójú-kan bá méjèèjì ní títì, kí ó tó di pé àgbákò ṣí wọn lẹ́yìn ìbí.

Ó tún ṣe ìṣirò kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ó rí i pé ọmọ tí ó bá jogún ilẹ̀kùn ṣíṣí yìí a máa ní kókó mẹ́ta ní ìpíndọ́gba. Bí ìpíndọ́gba bá jẹ́ mẹ́ta, tí ó sì jẹ́ pé bí ó ti bọ́ sí i ni, ìṣirò wí pé nǹkan bí 5 nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ní ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí àìsàn fi lè fo bàbá kí ó mú ọmọ: bàbá náà gbé ilẹ̀kùn ṣíṣí káàkiri títí ọjọ́ ikú, olè kò sì wọlé. Ní 1986 ni wọ́n rí jíìnì náà gan-an, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí ìṣirò ti sọ pé ó yẹ kí ó wà. Nígbà tí ó fi di 1990, Eric Fearon àti Bert Vogelstein ti lè to àwọn ìyípadà inú jíìnì tí ń sọ ìfun ńlá di oníjẹjẹrẹ lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nínú gbogbo èyí. Ó pọ̀. Ní Kampala ní Ùgáńdà ni oníṣẹ́-abẹ kan tí ó ń jẹ́ Denis Burkitt ti rí àwọn ọmọdé tí àgbọ̀n wọn wú, ó sì kọ̀wé nípa wọn ní 1958. Ní 1961 òun àti Ted Williams àti Cliff Nelson wa ọkọ̀ ògbólógbòó kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, nǹkan bí 10,000 máìlì, láti Ùgáńdà títí dé Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń béèrè ní ilé-ìwòsàn kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n mọ àìsàn náà. Wọ́n rí i pé ibi tí ó bá tutù jù tàbí tí òjò kò ti pọ̀, kò sí níbẹ̀. Ibi tí ẹ̀fọn àti ibà wà ni ó wà. Ní 1964, Anthony Epstein, Bert Achong àti Yvonne Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú kókó àìsàn náà. Jẹjẹrẹ yìí tàpá sí òfin ti mẹ́fà, nítorí ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án ni ó ń mú jù. Fáírọ́ọ̀sì àti ibà ni wọ́n jọ ń ti ilẹ̀kùn kí ọmọ tó dàgbà.

Malcolm Pike, oníṣirò kan, bá Williams àti Wright ṣiṣẹ́ lórí àwọn ọmọ tí ó ní in ní agbègbè West Nile ní Ùgáńdà láàárín 1961 sí 1965. Ọgbọ́n tí wọ́n lò kò le. Bí ọmọ mẹ́wàá bá ṣàìsàn, a lè so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì lọ́nà 45. Nínú 45 náà, mélòó ni wọ́n súnmọ́ ara wọn ní ibùgbé tí wọ́n sì tún súnmọ́ ara wọn ní ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀? Bí ó bá ju iye tí ó lè ṣèèṣì bọ́ sí i lọ, nǹkan kan ń lọ láti ilé dé ilé. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn ọdún yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó hàn lẹ́yìn náà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Victor Anomah Ngu, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Kamẹrúùnù tí ó ṣiṣẹ́ ní UCH ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Lasker ní 1972 fún fífi oògùn wo àìsàn Burkitt.

Ìbàdàn náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo kà sí ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1960 ni George Edington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ní UCH. Ní 1965 òun àti Una Maclean tẹ ìwọ̀n tí wọ́n rí ní ìlú náà láàárín 1960 sí 1963 jáde. Láìsí ìwé bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òfìfo ni oníṣirò yóò fi jókòó. Armitage àti Doll rí ikú kà nítorí pé ìjọba wọn ti ń kọ ikú sílẹ̀. Ní tiwa, a ti sin ẹlòmíràn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí ó pa á, àwíjàre sì ti gba ipò àkọsílẹ̀.

Àbújá bá Ìbàdàn lọ́nà. Ní 2012, Elima Jedy-Agba, Clement Adebamowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìṣirò ìwé àkọsílẹ̀ ìlú méjèèjì jáde fún 2009 sí 2010. Fún jẹjẹrẹ ọmú, 52.0 nínú 100,000 obìnrin lọ́dún ni ti Ìbàdàn, 64.6 ni ti Àbújá. Ẹ má ṣe kígbe síbẹ̀. Iye yìí kì í ṣe iye gbangba. Àbújá kún fún ọ̀dọ́: òfin ni ó dá a sílẹ̀ ní 1976, ìjọba kó wá síbẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1991, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì ni ó pọ̀ jù nínú wa. Nítorí pé jẹjẹrẹ ń tẹ̀lé ọjọ́ orí, a kò lè fi ìlú ọ̀dọ́ wé ìlú àgbà lásán. Àwọn oníṣirò a kọ́kọ́ wá ìwọ̀n àrùn láàárín ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, wọn a sì wá fi ìwọ̀n wọ̀nyí sára àwùjọ àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń lò, bí ẹni pé a fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gàrí ọjà méjì. Ṣùgbọ́n níbi tí àgbàlagbà kò ti pọ̀, aláìsàn méjì tàbí mẹ́ta péré lè gbé òṣùwọ̀n náà sókè. Ní tèmi, n kò ní fi 64.6 yìí sọ pé omi tàbí afẹ́fẹ́ Àbújá burú ju ti Ìbàdàn lọ.

Wàyí o, mo padà sí ọ̀rọ̀ ìdílé wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún béèrè ìdí tí jẹjẹrẹ ọmú fi ń mú àwọn obìnrin wa ní kékeré. Ní 2018 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì àyẹ̀wò jíìnì obìnrin Nàìjíríà 1,136 tí àìsàn náà mú jáde. Nǹkan bí 15 nínú 100 wọn ni ó jogún àbùkù nínú jíìnì tí ó bá àìsàn náà tan, èyí tí wọ́n ń pè ní BRCA1 ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọgbọ́n Knudson ni a tún bá pàdé níhìn-ín. Ẹni tí ó jogún àbùkù BRCA1 bá ilẹ̀kùn kan ní ṣíṣí láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ọdún tí olè ìbá fi dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn ti kúrò nínú ìṣirò, ìdí nìyí tí àrùn fi lè dé ní ọdún méjìdínlógójì dípò ọgọ́ta. Bí ìyá bá ní in, ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, ní ìdajì ṣíṣeéṣe láti gbà á, bí ẹyọ èso ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan.

Kì í ṣe ìdílé nìkan ni. Ní 2015 Cristian Tomasetti àti Vogelstein kọ̀wé pé ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín jù nínú ara ni jẹjẹrẹ ti ń pọ̀ jù, nítorí àṣìṣe tí ń ṣèèṣì wáyé nígbà pípín. Àwọn akọ̀ròyìn gbé e kiri pé orí burúkú ni ó ń fa púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ. Ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀: ó ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀yà ara kan fi yàtọ̀ sí òmíràn, kò ṣàlàyé ìdí tí ó fi mú ẹnì kan. Èmi náà kò fẹ́ kí á sá kúrò lọ́dọ̀ àjẹ́ kí á lọ fi orí ṣe àwáwí, nítorí àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí a lè tì. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń ṣí ti ẹnu ilé ọmọ, ní oṣù Kẹwàá 2023 ni ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, Àbújá sì wà nínú ìpín kìíní.

Nígbà tí mo lọ sílé ní ìsinmi tí ó kọjá, mo ya ilẹ̀kùn méje sórí bébà fún bàbá mi, mo sì ṣàlàyé fún un bí ìyá rẹ̀ ti lè gbé ọ̀kan tí ó ti ṣí wá sílé ọkọ láti ilé bàbá tirẹ̀, kí orogún kankan tó dé. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá òun náà lè ní in, àti àwọn àbúrò mi obìnrin. Mo ní, “Ó ṣeé ṣe, bàbá mi, àyẹ̀wò wà fún un.” Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó ránṣẹ́ sí yàrá ìyá arúgbó kí wọ́n bu ọbẹ̀ wá fún òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà kò fọwọ́ kan ọbẹ̀ náà, kò sì tíì fọwọ́ kàn án títí di òní.